Ìtànṣán Àárọ̀, Ìtànṣán Ọ̀sán

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kẹwàá 2025

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìtànṣán tọ́jú Màmá lónìí ní ilé ìwòsàn Ìkàrẹ́. Kí n tó rí ibòji tí màá gbé ọ̀kadà sí, Màmá ti wọlé sọ́dọ̀ ẹ̀rọ, ó sì ti jáde. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ẹ̀yìn.

"Ṣé gbogbo ẹ̀ náà nìyẹn?"

Caleb, ọmọkùnrin tó ń darí ẹ̀rọ, ní gbogbo ẹ̀ náà ni.

"Láti Ọ̀kà títí dé Ìkàrẹ́, nítorí ìṣẹ́jú díẹ̀ yìí? Ọmọ mi, fi èènì sí i."

Gbogbo àwọn tó ń dúró bú sẹ́rìn-ín. Caleb ní, "Màmá, ọjà yìí ò ní èènì o. Tí mo bá fi kún un, ẹ̀yin náà lẹ máa bú mi lẹ́yìn ọ̀la."

Ìgbà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni, Ajé dé Ẹtì, ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Dókítà Abọ́dẹrìn tún un sọ fún wa pé jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ ni, pé kò tíì rìn jìnnà, pé ó ṣeé wò, ṣùgbọ́n kí a má pa ọjọ́ kankan jẹ. Ó sọ ti ọjọ́ yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ní, "Dókítà, mo gbọ́ ti àkọ́kọ́." Màmá fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi.

Nọ́ọ̀sì tó ń kọ orúkọ bi í bóyá ọmọ rẹ̀ ni mí. Ó ní, "Àbúrò mi ọkùnrin ló bí i, èmi ni mo tọ́ ọ. Tó bá hùwà kúwà, èmi Ìyátúndé ni kí ẹ bú."

Ọjọ́bọ̀, 9 Oṣù Kẹwàá

Òjò láti ìdájí. Ọ̀kadà yọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, a ò ṣubú. Lítà pẹtiróòlù ti wọ ẹgbẹ̀rún náírà ní Ọ̀kà. Ti Ìkàrẹ́ rọjú díẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti ń rà.

Ọjọ́rú, 15 Oṣù Kẹwàá

Wọ́n ní kó máa mu omi ike kan kó tó wọlé, kó má sì tọ̀, kí àpòòtọ̀ lè kún, kó ti ìfun kúrò lójú ọ̀nà ìtànṣán. Lónìí ó mu ún kí a tó kúrò nílé, ó ní kí a má bàa pẹ́ níbẹ̀. A ò tíì dé ìdajì ọ̀nà tó fi ọwọ́ gbá mi lẹ́yìn. Mo dúró. Ó wọ igbó. Nígbà tí a débẹ̀, a tún bẹ̀rẹ̀ omi láti ìbẹ̀rẹ̀.

Alhaja Zulaykha, ará Ìkàrẹ́ tí wọ́n ń tọ́jú ọyàn rẹ̀, rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú. "Ìyá Ọ̀kà, ẹ ti bomi rin igbó!" Àwọn méjèèjì ti di ọ̀rẹ́. Wọ́n jọ ń bú àga tí wọ́n ń jókòó sí, wọ́n jọ ń bú àwa tó ń gbé wọn wá.

Ó rẹ̀ ẹ́ nígbà tí a délé. Ó jẹ ẹ̀kọ díẹ̀, ó sùn ní ọ̀sán. Mi ò rí i rí kó sùn ní ọ̀sán.

Ọjọ́bọ̀, 23 Oṣù Kẹwàá

Ìyá Àgbà ilé wa kú lánàá. Ó ti darúgbó gan-an. Màmá ló tẹ̀ lé e nínú àwọn obìnrin ilé, wọ́n sì ti so ìlẹ̀kẹ̀ funfun ẹni tó máa jẹ Ìyá Àgbà mọ́ ọn lọ́wọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹni tí wọ́n bá so ìlẹ̀kẹ̀ yẹn mọ́ lọ́wọ́ nílé wa kò gbọdọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà ńlá títí ọjọ́ méje yóò fi pé.

Mo gbé ọ̀kadà síta ní aago méje bí ti ojoojúmọ́. Màmá jókòó lórí ẹní, ó ń wò mí.

"Òkìkí, gbé e wọlé."

"Ẹ dìde, Màmá, a ti ń pẹ́."

"Mo ní kí o gbé e wọlé."

Mo lọ bá Bàbá Ògúnmọ́lá, olórí ilé. Ó ní ọjọ́ méje péré ni. "Àìsàn tó ti wà lára láti ọdún tó kọjá, ọjọ́ méje ni yóò wá sọ ọ́ di ńlá?"

Mo ní, "Bàbá, dókítà ní a ò gbọdọ̀ pa ọjọ́ kankan jẹ."

"Dókítà náà, ọmọ ilé ta ni?"

Mo ní mi ò bi í, iṣẹ́ rẹ̀ ni mo bá a wá fún. Ó ní kí n jáde. Mo jáde.

Ọjọ́ Ẹtì, 24 Oṣù Kẹwàá

A ò lọ. Caleb pè lẹ́ẹ̀mejì. Mo sọ òtítọ́ fún un. Ó ní òun á sọ fún dókítà.

Ọjọ́ Ajé, 27 Oṣù Kẹwàá

Mo dá lọ sí Ìkàrẹ́. Dókítà Abọ́dẹrìn ò pariwo, èyí sì burú ju ariwo lọ. Ó ní kí n lọ bá Hephzibah Ládélé ní yàrá ẹ̀yìn. Obìnrin yìí kì í ṣe dókítà, kì í sì í ṣe nọ́ọ̀sì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó ṣírò iye ìtànṣán tó ń dé ibi tí jẹjẹrẹ wà, iye tó ń dé ìfun, àti ohun tí ìkọ̀ọ̀kan máa fà. Mi ò rò pé ó fi bẹ́ẹ̀ jù mí lọ lọ́jọ́ orí.

Ó bi mí níṣẹ́ tí mo ń ṣe. Mo ní oko iṣu, àti ọ̀kadà.

"Ó dáa. Tí ẹ bá ro oko iṣu yín, tí ẹ wá fi í sílẹ̀ fún..."

"Àǹtí, ẹ fi oko sílẹ̀. Mo ṣe físíìsì ní ilé ìwé girama ní Ṣúpárè, mo sì yege. Ẹ sọ nọ́ńbà."

Ó wò mí díẹ̀. Ó yí ojú kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ mi.

Ohun tó yé mi nìyí. Fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, ìtànṣán ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, àwọn tó ṣẹ́kù ò tíì jí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ kíákíá. Láti ìgbà náà lọ, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá lọ lásán ń gba ìdá kan nínú mẹ́ta ìtànṣán ọjọ́ kan padà lọ́wọ́ wa. Ìgbà tí wọ́n ń jí yẹn gan-an ni Màmá jókòó sílé. Tí a bá kàn sún gbogbo ìtọ́jú síwájú ní ọ̀sẹ̀ kan, ìtànṣán méjì àti díẹ̀ ti ṣòfò nìyẹn.

Mo bi í pé ènìyàn mélòó ni ìyẹn. Ó ní kò yé òun. Mo ní, "Nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin bíi Màmá, mélòó ni ọ̀sẹ̀ kan yẹn máa gbà lọ?"

Ó ní bíi márùn-ún sí méje. Ó ní ìṣirò ni o, òun ò búra.

Mo ní, "Nígbà tó bá dé, ẹ fún un ní ti ọjọ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ó parí."

"Kò parí."

Ó kọ ọ́ sórí ìwé fún mi. Tí wọ́n bá fún un ní ti ọjọ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà, dípò kí wọ́n pín in, agbára rẹ̀ lórí jẹjẹrẹ á fi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Ìpalára rẹ̀ fún ìfun àti àpòòtọ̀ á fi mẹ́tàdínlógójì lé sí i. Mo ṣe é fúnra mi lórí fóònù. Bẹ́ẹ̀ náà ni.

"Ìfun àti àpòòtọ̀ ò sì ní pariwo báyìí," ó ní. "Ọdún kan, ọdún mẹ́ta, ni wọ́n ń dáhùn. Ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́. Ìtọ̀ tí kò ṣeé dá dúró. Ẹ ó ti máa dúpẹ́ pé jẹjẹrẹ lọ, Màmá ò ní lè jókòó nínú ọkọ̀ dé Ìkàrẹ́."

"Kí wá ni ṣíṣe?"

"Ìtànṣán àárọ̀, ìtànṣán ọ̀sán, ní àwọn ọjọ́ kan. Iye kan náà tó ń gbà tẹ́lẹ̀ ni ìkọ̀ọ̀kan. Kí wákàtí mẹ́fà wà láàárín wọn, ó kéré tán. Nínú wákàtí mẹ́fà yẹn ni ara tó dáa máa ń tún ara rẹ̀ ṣe. Jẹjẹrẹ ò mọ̀ ọ́n ṣe tó bẹ́ẹ̀."

"Tó bá jẹ́ márùn-ún ńkọ́?"

"Mẹ́fà."

"Mo kàn ń bi ni."

"Èmi náà kàn ń dáhùn ni."

Mo fẹ́ràn bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Mo wá sílé, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Màmá. Ó gbọ́ títí, ó ní, "Ó ku ọjọ́ méjì, Òkìkí. Má bá mi jà mọ́."

Ọjọ́bọ̀, 30 Oṣù Kẹwàá

Ọjọ́ méje pé lánàá. Màmá kọjá ẹnu ọ̀nà ńlá ní àárọ̀ yìí, ọ̀kadà ló kọ́kọ́ fọwọ́ kàn.

Dókítà Abọ́dẹrìn àti Hephzibah jókòó tì wá. Ìgbà kan lónìí. Ìgbà méjì lọ́la, ìgbà kan ní Sátidé. Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ìgbà méjì ní Ajé, Ọjọ́rú àti Ẹtì, ìgbà kan ní ọjọ́ méjì tó kù. Tí ó bá lọ bẹ́ẹ̀, yóò parí ní Ẹtì 7 Oṣù Kọkànlá, ọjọ́ tó yẹ kó parí tẹ́lẹ̀ gan-an.

Màmá yíjú sí Caleb. "Ṣé o rí i? Èènì tí mo bẹ̀ ọ́ fún ti dé."

Bàbá Ògúnmọ́lá pè mí lórí fóònù. Ó ti gbọ́ pé a ó máa wà ní Ìkàrẹ́ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. "Ṣé wọn ò ní èyí tó tóbi tí wọ́n lè fún un lẹ́ẹ̀kan, kó máa bọ̀ nílé? Sátidé ọjọ́ kẹjọ ni a fẹ́ gbé Ìyátúndé sórí àga Ìyá Àgbà. Ó yẹ kó ní okun."

Mo ní wọ́n ní i. Mo ní ìfun rẹ̀ ni yóò sanwó rẹ̀. Ó ní kí n má fi ìfun dá òun lóhùn.

Ọjọ́ Ẹtì, 31 Oṣù Kẹwàá

Ìgbà méjì àkọ́kọ́. Àárọ̀, a dúró, ọ̀sán. Màmá sùn lórí àga ìdúró, Alhaja Zulaykha fi ìbòrí rẹ̀ bò ó lẹ́sẹ̀.

Ọkùnrin kan láti Etioro fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bi mí ní ohun tí mo fún wọn tí wọ́n fi ń ṣe é lẹ́ẹ̀mejì fún tiwa. Ó ní òun náà á wá nǹkan. Mo ní ọ̀sẹ̀ kan tí a fi jókòó sílé ni mo fún wọn. Kò yé e. Mi ò ṣàlàyé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 Oṣù Kọkànlá

Ìgbà kan. Ojú ọ̀nà dákẹ́. Oòrùn ti ń mú, òjò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kọkànlá

Ìgbà méjì. Láti àná ni ìgbẹ́ gbuuru ti mú un. Dókítà ní ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, kó máa mu omi iyọ̀ àti ṣúgà.

Nǹkan bí aago méjìlá, Alhaja Zulaykha dìde. "Ẹ̀yin ará, ìyá yìí ti jókòó síbí láti àárọ̀. Àgbà ni. Ẹ ò rí ìlẹ̀kẹ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ẹ jẹ́ kó wọlé kó máa lọ sinmi."

Gbogbo wọn gbà. Wọ́n yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún un, bàbá tó ga jù nínú wọn tilẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn. Màmá ti ń wá bàtà rẹ̀.

Mo dìde, mo dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn. "Kò tíì tó àkókò."

Alhaja ní, "Ìwọ ọmọ yìí, à ń bọ̀wọ̀ fún ìyá rẹ, o wá ń dí i lọ́nà?"

"Ẹ ṣé. Ẹ máa bọ̀wọ̀ fún un títí aago méjì á fi kọjá."

Bàbá tó ṣí ilẹ̀kùn ní, "Háà! Irú ọmọ wo lèyí? Ó fẹ́ kí ìyá rẹ̀ kú sórí àga!"

"Kò níí kú sórí àga. Ẹ wulẹ̀ máa lo àkókò tiyín."

Caleb jáde, ó ní òótọ́ ni mo sọ. Wọn ò gbà gbọ́, wọ́n rò pé ó ń gbè mí lẹ́yìn ni. Màmá fi èdè ilé bú mi, èyí tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ò gbọ́. Ṣùgbọ́n ó jókòó padà.

Ní ọ̀nà ilé, ó bi mí bóyá wákàtí méjì yẹn ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi dójú tì í láwùjọ. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ọjọ́rú, 5 Oṣù Kọkànlá

Ó wọlé ní àárọ̀ ní aago mẹ́jọ kọjá díẹ̀. Ìgbẹ́ náà ti le. Mo lọ ra oògùn tí dókítà kọ. Ilé oògùn àkọ́kọ́ ò ní i, èkejì ò ní i, ọ̀nà Ùgbè ni mo ti rí i. Kí n tó padà, aago kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù. Màmá ń ti ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ bọ̀, ó ń so ìró.

Mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ ọ́. Ara ọmọ Caleb ò yá, ó ti lọ sílé. Bridget, tí wọ́n mú láti ibòmíràn kó wá dúró fún un, ló wà nídìí ẹ̀rọ. Àkókò Alhaja Zulaykha ló tó, Alhaja sì ní òun yọ̀ǹda rẹ̀ fún ìyá àgbà. Bridget ní òun rí i lórí kọ̀ǹpútà pé ó yẹ kó kọjá aago méjì. Gbogbo àwọn tó ń dúró ló dá a lóhùn. Ṣé òun ò ní ìyá nílé? Ṣé òun ò rí bí inú ṣe ń run arúgbó? Wọ́n fúnra wọn ti Màmá wọlé.

Mo pariwo. Mo pariwo mọ́ Alhaja, mo pariwo mọ́ bàbá tó ṣí ilẹ̀kùn. Alhaja bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó ní, "Ṣé inú rere ti wá di ẹ̀ṣẹ̀ ni?"

Màmá di ọwọ́ mi mú. "Wọ́n dìde fún mi, Òkìkí. Gbogbo wọn. Ṣé kí n wá ní mi ò fẹ́?"

Hephzibah jáde, ó gbọ́, ó wo aago. "Wákàtí mẹ́rin," ó ní. Kò bú Bridget lójú wa. Ó padà sí yàrá rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn.

Ọjọ́bọ̀, 6 Oṣù Kọkànlá

Ìgbà kan lónìí. Ó yàgbẹ́ lẹ́ẹ̀mẹjọ láti àná. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà. Mo ti sọ fún awakọ̀ kan kó máa gbé e láti ọ̀la, èmi á máa tẹ̀ lé wọn.

Wọ́n pè wá wọ yàrá. Hephzibah ti ṣírò ti àná. Nítorí pé ara ò tíì tún ara rẹ̀ ṣe tán kí èkejì tó dé, ìfun gba ohun tó tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìtànṣán kan lékè ohun tó yẹ. Mo mí kanlẹ̀. Ó ní kékeré ni, kó má sì tún ṣẹlẹ̀. Ó ní ìgbẹ́ tó ń yà báyìí kò wá láti inú àṣìṣe àná, ó ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú.

Ó ku ìgbà méjì. Dókítà Abọ́dẹrìn ní òun ò fẹ́ fi méjèèjì sí ọjọ́ kan mọ́, pẹ̀lú bí ara rẹ̀ ṣe rí. Ó fẹ́ kí a ṣe ọ̀kan lọ́la, ọ̀kan ní Sátidé.

Màmá gbé ojú sókè. Sátidé ni ọjọ́ àga.

Mo ní ṣé kò lè jẹ́ Ajé. Wọ́n ní Ajé ni àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ń bọ̀ láti Èkó, ẹ̀rọ ò ní ṣiṣẹ́ títí di Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Màmá bi Hephzibah, "Ọmọ mi, tí mo bá gba méjèèjì lọ́la, tàbí tí mo bá gba èkejì ní Sátidé, èwo ni ìṣirò rẹ fẹ́?"

"Ìṣirò ò fẹ́ ìkankan, Màmá. Tí ẹ bá gba méjèèjì lọ́la, ìfun á jìyà díẹ̀ sí i. Tó bá di Sátidé, jẹjẹrẹ á rí ọjọ́ kan jẹ. Méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba lórí ìwé. Dókítà ló rí ẹsẹ̀ yín tó ń gbọ̀n, ìwé ò rí i."

"Tí mo bá wá fi ọ̀kan yẹn sílẹ̀ ńkọ́? Mo ti gba mẹ́tàlélógún."

"Ìyẹn ò dọ́gba pẹ̀lú nǹkan kan. Kí ẹ má ṣe é."

"Tí mo bá dúró di ìgbà tí wọ́n bá tún ẹ̀rọ ṣe tán?"

"Ẹ ó dà bí ẹni tó pàdánù méjì kí ẹ tó gba ọ̀kan."

Màmá ní ó yé òun. Kò sọ èyí tó mú.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 Oṣù Kọkànlá

Ìgbà kan. Ó ku ọ̀kan.

Nígbà tí a délé, Bàbá Ògúnmọ́lá àti àwọn àgbà ilé ti pé jọ. Àwọn ará ilé wa tó wà ní Ṣúpárè ti dé, wọ́n ti pa ẹran. Bàbá ní ẹni tí a fẹ́ gbé sórí àga kì í jáde láàárọ̀ ọjọ́ náà, láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ó ní tí Ìyátúndé bá jáde, ẹ̀ka ilé tó tẹ̀ lé tiwa lè sọ pé àga bọ́.

Mo ní, "Ẹ ti gba ọjọ́ méje lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ tún fẹ́ ọ̀kan sí i?"

"Mi ò bá ọ sọ̀rọ̀, Òkìkíọlá."

"Èmi ni mo ń bá yín sọ̀rọ̀, Bàbá. Nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin..."

"Dákẹ́," Màmá ní. Èmi ló ń bá wí. Ó yíjú sí Bàbá. "Ẹ ní tí obìnrin tó dàgbà jù nílé bá wà lórí ìdúró, ẹnikẹ́ni nínú ilé ò gbọdọ̀ jókòó."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ó dáa. Mò ń lọ sí Ìkàrẹ́ lọ́la. Tí mo bá dùbúlẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ wọn, kì í ṣe ìdúró nìyẹn, ẹ lè jókòó díẹ̀. Ẹni tó bá rò pé àga ti bọ́, kó lọ jókòó sórí ẹ̀ kí n tó dé."

Ìyàwó kan láti Ṣúpárè rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Oṣù Kọkànlá

Aago mẹ́jọ ni wọ́n dá fún wa. Iná ò sí, jẹnẹrétọ̀ kọ̀. Caleb àti awakọ̀ wa jọ tú u, epo dà sí wọn lára. Hephzibah, tí Sátidé kì í ṣe ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀, jókòó ti Màmá. Fóònù mi ń dún láti ilé, mo pa á. Ó ti di ọ̀sán kí ẹ̀rọ tó gbéra. Ó wọlé, ó jáde. Ó pé mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.

Dókítà ní ó ku ìtànṣán ti inú, tí wọ́n máa fi sí ẹnu ilé ọmọ gan-an, ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ní ibòmíràn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ni wọn yóò tó mọ bó ṣe rí. Mo bi Hephzibah ohun tí ìṣirò sọ báyìí. Ó ní ọ̀pọ̀ nínú ohun tí ọ̀sẹ̀ kan yẹn gbà ti padà, kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Màmá ní kí n fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀.

Aago méjì ti lù dáadáa nígbà tí a délé. Agbo ilé kún. Àwọn àgbà fara ti ògiri, àwọn kan di òpó mú, àwọn ọmọdé ń jìjàdù ibòji. Kò sí ẹnìkan tó jókòó. Àwọn àga wà níbẹ̀, àga Ìyá Àgbà wà láàárín, ó ṣófo. Bàbá Ògúnmọ́lá dúró lórí ọ̀pá rẹ̀ nínú oòrùn. Ó wo Màmá, ó wo èmi.

Wọ́n fọ ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n mú un lọ síbi àga. Ó jókòó. Gbogbo ilé mí kanlẹ̀, wọ́n jókòó. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ oríkì ilé.

Wọn ò tíì dé àárín rẹ̀ tí ikùn pe Màmá. Ó dìde. Gbogbo ilé dìde. Ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ, wọ́n dúró dè é. Ó dé, ó jókòó, wọ́n jókòó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ oríkì láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ó tún dìde. Wọ́n tún dìde. Ẹnìkan kérora nítorí orúnkún. Ìyàwó Ṣúpárè yẹn ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó mú àwọn mìíràn rẹ́rìn-ín, nígbà tí Màmá sì ń bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé, òun náà ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ̀yin lẹ fi mí ṣe àgbà."

Ní ìgbà kẹrin, nígbà tó jókòó padà, gbogbo ilé jókòó, Bàbá Ògúnmọ́lá nìkan ni kò jókòó. Ó fi ọwọ́ méjèèjì lé orí ọ̀pá rẹ̀, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga náà.

Màmá ní, "Bàbá, ẹ jókòó. Ẹ ti dúró láti àárọ̀."

Ó mi orí. "Ẹ jẹ́ kí n dúró bẹ́ẹ̀, Ìyá. Ẹ máa tún dìde."

Lóòótọ́, kò pẹ́ tó tún dìde.